Ìṣó Kẹrin: Ogójì Ọdún Tí Mo Fi Kan Bàtà Fún Ẹṣin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Lókógómà, ẹ ní kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kọ nípa iṣẹ́ tí a ṣe láyé, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Mo ti ka ti àwọn tó kọ ṣáájú mi. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan tilẹ̀ ń wọ bàálù lọ ṣe ìpàdé bí ẹni ń lọ sí ọjà. Ó wá kàn mí. Èmi, bàtà ni mo kàn. Kì í ṣe bàtà ènìyàn o, bàtà irin tí ẹṣin ń wọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí mo ti mú bírò yìí lọ́wọ́, ara mi ń yá gágá. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Abúlé kan lẹ́bàá Kàbbà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí Kàdúná láti lọ kọ́ iṣẹ́ mọ́tò. Ọ̀gá mọ́tò náà sọ pé òun ti ní ọmọ iṣẹ́ tó, a sì ń padà bọ̀ wálé. Ọ̀nà tí a gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí àwọn ọlọ́lá ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọkùnrin tín-ín-rín kan tó há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin sáàárín itan méjèèjì, tó ń fi òòlù kan ìṣó mọ́ ọn. Mo ní, ó tán, ẹṣin yìí yóò ta á nípàá, a ó gbé òkú rẹ̀ lọ. Àṣé ẹṣin ọ̀hún ń tòògbé ni! Mo dúró, mo la ẹnu sílẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí kí n tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ti di ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà. Málàmù Súlè ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Málàmù Súlè. Ọkùnrin náà kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rí, síbẹ̀ àwọn ẹṣin àti ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Odindi ọdún kan ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Kí n fọ pátákò, kí n gbá ìgbẹ́, kí n fi ojú wo ohun tí òun ń ṣe, iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí mo bá béèrè ìgbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀, yóò ní kí n tún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó pè mí, ó gbé pátákò kan tí ó ti gé sókè, ó ní kí n wò ó. Ó ṣàlàyé fún mi pé pátákò ẹṣin rí bí èékánná wa: ti òde ti kú, kò mọ ìrora, ti inú wà láàyè, ó ní ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìlà funfun kan wà, tín-ín-rín bí òwú. Ó ní, "Láti ìlà yìí sóde, tìrẹ ni. Láti ìlà yìí sínú, ti Ọlọ́run ni." Èdè Hausa ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti di Yorùbá nínú mi.

Ìṣó mẹ́jọ ni à ń kàn mọ́ bàtà kan, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ìṣó yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé, yóò tẹ̀ díẹ̀, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ pátákò jáde. A ó wá gé imú rẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ padà, a ó sì fi òòlù gbá a mọ́ ara pátákò kí ó má baà yọ. Lẹ́yìn ìṣó kọ̀ọ̀kan, Málàmù Súlè ní ohun mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ ṣe. Kí n wo ibi tí imú ìṣó ti yọ, bóyá ó bá àwọn yòókù dọ́gba. Kí n kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹsẹ̀ ẹṣin, bóyá ara rẹ̀ á gbọ̀n.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ó ní, "In guduma na hannu, ba gaisuwa." Ìyẹn ni pé bí òòlù bá wà lọ́wọ́, kò sí ìkíni. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ wo òfin yìí! Èmi tí ìyá mi ti gbá létí rí nítorí pé mo kí àgbà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń kọjá lọ, ó kí mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Málàmù Súlè kò bá mi wí. Ó yọ ìṣó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ní kí n jókòó síwájú ẹṣin náà, kí n máa kí i títí tí oòrùn yóò fi wọ̀. "Sànnu, dókì. Sànnu, dókì." Ìyẹn ni pé, ẹ kú o, ẹṣin. Gbogbo àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin yí mi ká, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹṣin náà gan-an dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi sú u.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà yẹn, àwa fúnra wa là ń rọ bàtà. Èédú, ẹwìrì awọ, àti irin tí a gé lára mọ́tò tó ti kú. Ẹ̀yin kò mọ bí inú ènìyàn ti ń dùn tó nígbà tí irin pupa bá bọ́ sínú omi, tí ó sì jáde pẹ̀lú ìrísí tí o fẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàtà tí wọ́n ti rọ tán bẹ̀rẹ̀ sí í dé nínú páálí, tòun ti ìwọ̀n rẹ̀. Iná gáàsì dé, ẹwìrì lọ sùn. Fáìlì irin tí a fi ń dán pátákò, tó ń gé bí ọ̀bẹ, dé. Mo bínú sí gbogbo wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fẹ́ràn wọn títí di òní. Níkẹyìn, fóònù dé, àwọn dókítà ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò pátákò bí ẹni ń ya ìyàwó tuntun.

Bí mo ṣe dé Àbújá kò gùn. Ilé ẹṣin àwọn ọmọ ogun kan, tí n kò ní dárúkọ, ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹnìkan sọ orúkọ mi, mo lọ, wọ́n fún mi ní ẹṣin búburú kan láti dán mi wò, mo kan bàtà rẹ̀, ó tán. Èmi kì í ṣe sójà, òṣìṣẹ́ lásán ni mo jẹ́ láàárín wọn, ṣùgbọ́n "Bàbá" ni ọ̀gá àti ọmọ ogun ń pè mí. Láàárọ̀ tí wọ́n bá ń dánra wò, tí ogójì ẹṣin bá ń sáré bọ̀ lórí títì pẹ̀lú bàtà tí mo kàn, ẹ ò mọ ohùn rẹ̀ létí mi! Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sì lè sọ ẹṣin tó ń bọ̀ kí n tó rí i. Ìgbéraga wọ̀ mí lára. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹ lè mọ ẹni tí mo jẹ́ nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀.

Ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 2013. Ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kílíṣí, nítorí àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹran gbígbẹ àwọn Hausa. Mejọ̀ kan ló ń gùn ún, Kọ́púrà kan tó ń jẹ́ Shekwolo sì ni olùtọ́jú rẹ̀. Ọmọ Gbagyi ni Shekwolo, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá kí ìjọba tó wá. Oko bàbá bàbá rẹ̀ ti di ilé àti títì. Àwa ará òkèèrè pọ̀ nínú ilé ẹṣin náà, àti Hausa, àti Yorùbá, àti Kanuri, òun nìkan sì ni onílẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́, òun gan-an ni a máa ń wò bí àlejò. Àwọn obìnrin wọn a máa fi èjìká ru igi, kì í ṣe orí, èyí sì di ohun tí gbogbo wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń kan bàtà Kílíṣí. Mo ti dé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, mo ti kan ìṣó mẹ́ta lápá òde, ìkẹrin ti wọlé dé ìdajì. Ni Alàgbà Táíwò bá wọlé. Gbogbo yín mọ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀, àgbà ẹgbẹ́ àwa ará ìlú wa, tó ń gbé ní Kádò, tó sì ní kí n wá di akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹja ní ọjà Kádò, ó ní kí òun yà kí mi. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Òkun o," bí àwa ará Kàbbà ti ń kíra wa. Báwo ni mo ṣe máa dákẹ́? Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹṣin bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní "Òkun o, Bàbá." Ó kí mi kú iṣẹ́, mo dúpẹ́. Mo béèrè ìyàwó, ọmọ, ara, orúnkún tó ń dùn ún. Ó béèrè tèmi. A dé orí ìsìnkú ẹnìkan nílé, a dé orí ìpàdé ẹgbẹ́. Nígbà tí mo padà gbé ẹsẹ̀ ẹṣin, Alàgbà ṣì dúró, ojú ń kán mi, mo gbá ìṣó náà wọlé, mo tẹ imú rẹ̀, mo fi fáìlì dán an. N kò wò ó. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ ẹṣin. Ìṣó kan péré nínú ìṣó méjìlélọ́gbọ̀n ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Shekwolo wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ó ní Kílíṣí ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ní kúkúrú, pé òun fọwọ́ kàn án, ó gbóná díẹ̀, kí n jọ̀wọ́ wá wò ó. Mo rí i pé ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo ṣì gbọ́ ìdáhùn mi títí di òní, n ó sì sọ ọ́ fún yín nígbà tí ó bá yẹ. Kí ẹ kàn mọ̀ pé n kò dìde. Ó lọ bá Sájẹ́ńtì rẹ̀, ìyẹn náà lé e padà. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà sókè fúnra rẹ̀, ó fi òòlù kékeré kan kan orí àwọn ìṣó wò, ó ń wá èyí tó ń dùn ún. Àwọn ènìyàn rí i. Kí ó tó rí ìṣó náà, wọ́n ti pe ẹṣin jáde fún ìdánrawò. Nígbà tí wọ́n ń sáré, Kílíṣí fi ẹsẹ̀ náà gúnlẹ̀, ó fò sókè, ó sì ju Mejọ̀ mọ́ orí kọ́ńkéré. Egungun itan Mejọ̀ dá sí méjì.

Dókítà ẹran yọ bàtà náà, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún tú jáde láti ihò ìṣó kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé Shekwolo. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá ìṣó wọnú ẹsẹ̀ ẹṣin kí ọ̀gá rẹ̀ lè ṣubú. Ẹlẹ́rìí wà tó rí i pẹ̀lú òòlù. Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó ń bínú nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn àlejò. Bí kóòtù ológun bá dá a lẹ́bi, wọn yóò bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, yóò sì lọ sẹ́wọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́: èmi náà gbà á gbọ́. Mo mirí pẹ̀lú àwọn yòókù, mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì ti di ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀.

Oṣù méjì kọjá. Ọ̀gá tó ń rojọ́ fún ìjọba ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá jẹ́rìí. Ohun tí ó fẹ́ kò ju kí n sọ pé mo kan bàtà náà dáadáa, nítorí náà ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Ó fi fọ́tò kan hàn mí, èyí tí dókítà ẹran fi fóònù yà kí ó tó yọ bàtà. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Imú ìṣó mẹ́ta dúró lórí ìlà kan ṣoṣo. Ìkẹrin wà lókè wọn, ó fi ìbú ìka kan ga jù wọ́n lọ. Ìṣó tó bá yọ ga bẹ́ẹ̀, inú ló gbà kọjá kó tó jáde. Imú ìṣó náà sì ṣì tẹ̀ mọ́ pátákò, ojú fáìlì mi wà lára rẹ̀ kedere. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gbá ìṣó náà lẹ́yìn mi, imú rẹ̀ ì bá ti ṣí sílẹ̀. Kò ṣí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi. Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo lè ka fọ́tò náà.

Mo lọ bá Alàgbà Táíwò. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n fi ẹnu mi pamọ́, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibí kọ́ ni mo bá wá sí Àbújá, pé orúkọ àwa ará ìlú wa yóò bàjẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun. Mo gbé e délé, mo sọ fún ìyá Bọ́lá, ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì gbójú sókè. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ọmọ Kàbbà ni wọ́n tì mọ́lé, ṣé o máa lọ béèrè lọ́wọ́ Alàgbà?" Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Èmi kò rí oorun sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ ọjọ́ ikú mi ni òtítọ́ yóò bá tèmi.

Ọjọ́ kóòtù! Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀gágun márùn-ún jókòó sídìí tábìlì gígùn, Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan láàárín wọn ni olórí, ọkùnrin onírun funfun tí kì í ṣẹ́jú. Shekwolo dúró lápá òsì, ó ti rù, bẹ́líìtì kò sí lára rẹ̀. Kápítéènì Ngunan, ọmọbìnrin Tiv kan, ni agbẹjọ́rò rẹ̀. Mo búra pẹ̀lú Bíbélì. Agbẹjọ́rò ìjọba béèrè bóyá mo kan bàtà Kílíṣí dáadáa bí mo ti máa ń ṣe. Ó ti ń yíjú lọ sí ìwé rẹ̀ kí n tó dáhùn.

Mo ní, "Rárá, sà. Mo kàn án ní ìkànkukàn."

Agbẹjọ́rò ìjọba ní bóyá n kò gbọ́ ìbéèrè. Mo ní mo gbọ́. Ó wá yí padà, ó ní ṣé wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ ni, ṣé àwọn ará abúlé Shekwolo wá bá mi nílé. Kápítéènì Ngunan ti dìde, ojú rẹ̀ ń tàn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbé ọwọ́ sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè fi ohun tí mo sọ hàn wọ́n. Mo ní mo nílò ẹṣin kan, bàtà kan, ìṣó mẹ́jọ àti àpótí iṣẹ́ mi. Ẹ gbọ́ o, Kọ́nẹ́ẹ̀lì dìde! Gbogbo kóòtù jáde sínú oòrùn, ọ̀gágun márààrún, agbẹjọ́rò, ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ, wọ́n yí èmi àti ẹṣin ká.

Mo ti kan bàtà níwájú àwọn ọba àti àwọn olówó, n kò kàn án níwájú kóòtù rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbá ìṣó àkọ́kọ́, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ayọ̀ iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára, mo gbàgbé pé ẹjọ́ ni. Mo kan mẹ́rin, mo tẹ imú wọn, mo fi fáìlì dán wọn. Mo ní kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo bí wọ́n ti dọ́gba. Mo wá fi òòlù fún Kápítéènì Ngunan, mo ní kí ó gbá orí ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá a. Imú ìṣó náà dìde kúrò lára pátákò, ó yọ síta bí ahọ́n ọmọdé. Mo ní kí wọ́n mú fọ́tò wá. Àwọn márààrún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo fọ́tò, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n tún ń wo fọ́tò. Nínú fọ́tò, imú ìṣó tẹ̀ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Nítorí náà, ta ló gbá ìṣó yẹn wọnú?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó béèrè bí irú mi ṣe lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé àgbà kan wá, mo sì kí i. Ó ní ìkíni lásán? Mo ní sà, ní ìlú tèmi, a máa ń kí ilé, a máa ń kí ọ̀nà, a máa ń kí orúnkún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, Kọ́nẹ́ẹ̀lì gan-an fi ọwọ́ bo ẹnu. Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, wọn ì bá dá Shekwolo sílẹ̀, wọn ì bá sì máa fi mí ṣe àwàdà lọ. Mo wo Shekwolo. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Sà, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọkùnrin yìí rí i. Ọjọ́ méjì kí ẹṣin tó ṣubú, ó wá bá mi, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún hàn mí, ó sì tọ̀nà. N kò dìde."

"Kí ni o sọ fún un?"

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́, sà."

"Sọ ọ́ bí o ti sọ ọ́."

Mo ní, "Mo ní, ẹ̀yin tí ẹ ń fi èjìká ru igi, ta ló fi ẹṣin hàn yín?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i lójú àwọn tó dúró níbẹ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ti sọ irú rẹ̀. Sájẹ́ńtì ń wo bàtà ara rẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí a padà wọlé. Ìjíròrò wọn kò tó wákàtí kan. Wọ́n ní Shekwolo kò jẹ̀bi. Ìyá rẹ̀, tó ti jókòó sí ìta láti àárọ̀, figbe ta ní èdè wọn, n kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi gan-an ti bàjẹ́ tán.

Wọ́n ní kí n lọ máa dúró sílé fún ìgbà kan. Alàgbà kò kí mi ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹni tí ìkíni rẹ̀ kó mi sí wàhálà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ má wulẹ̀ wo aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá ṣe ohun tí kò dára, tí ẹlòmíràn sì ń jìyà rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ràn tó láti sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, òun ni kí ẹ yàn. Mo ṣiṣẹ́ náà títí di ọdún yìí, 2019, mo sì gbà pé kò sí iṣẹ́ tó dùn tó o láyé. Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ọjọ́ tí mo padà síbẹ̀.

Wọ́n pè mí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà. Mo ṣí àpótí mi lábẹ́ igi, mo jókòó. Kò sí ẹni tó mú ẹṣin wá. Àwọn sójà ń kọjá, wọ́n ń wojú mi, wọ́n ń lọ. Ìdajì ọjọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ó tó bí agogo kan ọ̀sán kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin kan tó ń bọ̀, mẹ́ta ń dún, ọ̀kan kò dún. Shekwolo ni, ó wọ aṣọ ogun rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì, ó ń fa Kílíṣí, ẹsẹ̀ tó ti san náà kò tíì ní bàtà. Mo dìde. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i. Ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní, "Bàbá, inú mi kò tíì yọ́ sí yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹṣin yìí kò lè máa rìn báyìí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú náà sókè, ó dì í mú fún mi. Mo mú ọ̀bẹ, mo mú bàtà, mo wọn bàtà náà mọ́ pátákò. Gbogbo sójà ti dúró, wọ́n ń wò. Mo gbé ìṣó àkọ́kọ́ sí ibi tí ó yẹ, mo gbé òòlù sókè, mo sì tún gbé e sílẹ̀.

Mo ní, "Shekwolo, ibo ló ṣì ń dùn ún?"

Ó fi ìka rẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀ lára pátákò.